Bí a Ṣe Ń Dá Àmì-Ẹ̀yẹ Àwọn Ẹgbẹ́ Jagunjagun Àná ní Jámánì Mọ̀ Yàtọ̀ sí Ti Ìjọba

Iṣẹ́ kan wà tí ó máa ń já ọ̀pọ̀ àwa tí a ń ra ohun àtijọ́ kulẹ̀: kí a mú àmì-ẹ̀yẹ Jámánì kan dání, kí a sì sọ ẹni tí ó fi í fúnni. Ojú wa á kọ́kọ́ bọ́ sí ara àgbélébùú, idà méjì àti 1914–1918 tí a fín sí i, ẹnu wa á sì ti sọ pé Àgbélébùú Irin ni, oyè ogun tí ọba Prussia, ìpínlẹ̀ tí ó tóbi jù ní Jámánì nígbà náà, dá sílẹ̀ ní 1813. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, ní ọjà kan ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, mo san 35 pọ́n-ùn lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó tà á fún mi búra pé Kaiser, ọba ńlá Jámánì, fúnra rẹ̀ ni ó fi í dá sójà kan lọ́lá. Mo délé, mo yí i sẹ́yìn, mo sì rí ọ̀rọ̀ ìyìn gígùn kan tí Hindenburg, ọ̀gágun Jámánì, fọwọ́ sí. Nígbà tí mo fi wádìí rẹ̀ tán, ẹgbẹ́ àwọn sójà àná ni ó ṣe é ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1920, nígbà tí Kaiser ti sá lọ sí Holland láti oṣù Kọkànlá 1918.

Àmì náà kì í ṣe ayédèrú. Ojúlówó ni, àmọ́ ti ẹgbẹ́ ni. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tí irú rẹ̀ bá bọ́ sí lọ́wọ́, yálà ó rà á ni, tàbí ó bá a nínú àpótí ìyá ọkọ tí ó ń gbé ní Hamburg, tí ó sì fẹ́ mọ ẹgbẹ́ tí ó ni ín, ìgbà tí a ṣe é, àti ohun tí a fi í sàmì sí.

Ohun tí ẹ nílò

Ẹ wá awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, èyí tí ń sọ ọ́ di ìlọ́po 10 tó. Ẹ wá òòfà kékeré kan, rúlà tí ó ní mílímítà, àti òṣùwọ̀n ilé ìdáná tí ó lè ka gíráàmù. Ẹ wá ìbọ̀wọ́ òwú, aṣọ funfun tí ó mọ́, ìwé àjákọ àti fóònù tí ó ń ya àwòrán dáadáa. Bí agbára bá gbé e, ẹ ra tọ́ọ̀ṣì kékeré tí iná rẹ̀ ní àwọ̀ àlùkò, irú èyí tí àwọn tí ń ka owó fi ń yẹ owó wò. Ẹ tún tẹ álífábẹ́ẹ̀tì Fraktur sórí ìwé, ìyẹn ọwọ́ ìkọ̀wé àtijọ́ ti àwọn ará Jámánì, nítorí láìsí i ìpele kejì kò ní ṣeé ṣe.

Kò sí ohun ìfọ̀-nǹkan kankan nínú ohun tí mo kà yìí. Ẹ óò rí ìdí rẹ̀ nísinsìnyí.

Ìpele 1: Ẹ fi ìdọ̀tí rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ ya àwòrán rẹ̀

Nílé wa, osàn wẹ́wẹ́ àti eérú ni màmá mi fi ń fọ idẹ. Wọn á gé osàn sí méjì, wọn á kì í bọ inú eérú, wọn á fi ha àwo idẹ náà títí yóò fi máa kọ mànà. Ohun tí mo ṣe sí àmì-ẹ̀yẹ kejì tí mo rà nìyẹn. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, góòlù fẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi pa á lójú láti nǹkan bí 90 ọdún sẹ́yìn ti bá omi lọ, ó ku idẹ pupa lásán, àwọn lẹ́tà tí ó wà ní bèbè rẹ̀ sì ti di ohun tí a ń fi ìka wá. Ọ̀pọ̀ nínú àmì àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí ni a fi góòlù tàbí fàdákà tín-ín-rín pa lójú, nítorí ẹgbẹ́ kì í ní owó bí ìjọba. Ìdọ̀tí dúdú tí ó wà láàárín àwọn lẹ́tà ni ó ń jẹ́ kí a lè kà wọ́n.

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ gbé àmì náà sórí aṣọ funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ wọlé sí i. Ẹ ya ojú rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀, bèbè rẹ̀ yípo, òrùka òkè, àti ọ̀já náà níwájú àti lẹ́yìn. Ẹ wọn gíga àti fífẹ̀ rẹ̀, ẹ gbé e lé òṣùwọ̀n, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

*Ibi tí a ti ń ṣìnà:* ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í wo bèbè. Ibẹ̀ gan-an ni olùṣe máa ń fín orúkọ rẹ̀ sí, ibẹ̀ náà sì ni ìjọba Prussia kọ "Aus erobertem Geschütz" sí lára àmì ogun 1870/71, ìyẹn ni pé ìbọn ńlá tí a gbà lọ́wọ́ ọ̀tá ni a yọ́ ṣe é.

*Àyẹ̀wò:* bí ẹ bá fa àwòrán náà tóbi lórí fóònù, tí ẹ lè ka lẹ́tà tí ó kéré jù lára rẹ̀, ìpele yìí ti parí. Bí kò bá ṣeé kà, ẹ yí ìmọ́lẹ̀ padà, ẹ má ṣe fọwọ́ ha á.

Ìpele 2: Ẹ ka ohun tí a kọ sí i, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì

Àárẹ̀ ibi yìí ni ó ń mú kí àwọn ènìyàn máa fi àwòrán ránṣẹ́ sí onílé, sí àlejò, pé "ẹ jọ̀wọ́, kí nìyí?" Fraktur kò le tó bí ó ṣe rí lójú. Lẹ́tà mélòó kan ni ó ń tanni. K ńlá jọ R. B ńlá àti V ńlá jọra bí ìbejì. S ńlá jọ G. I ńlá àti J ńlá kò ní ìyàtọ̀ rárá. S kékeré tí ó bá wà ní ìbẹ̀rẹ̀ tàbí láàárín ọ̀rọ̀ gùn, ó dà bí f tí a kò fi igi dábùú rẹ̀ tán. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi wá ẹgbẹ́ tí ń jẹ́ "Rriegerverein" lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí mo sì ń bínú sí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sínú ìwé bí ẹ ṣe rí i, kí ẹ fi àmì ìbéèrè sí èyí tí kò dá yín lójú. Lẹ́yìn náà, ẹ wá àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí nínú ohun tí ẹ kọ, nítorí bí ẹ bá ti rí ọ̀kan péré, ẹ ti mọ̀ pé ẹgbẹ́ ni ẹ ń bá sọ̀rọ̀:

- *Kriegerverein* ni ẹgbẹ́ àwọn jagunjagun. *Veteranenverein* ni ẹgbẹ́ àwọn sójà àná. *Militärverein* ni orúkọ tí wọ́n fẹ́ràn ní ìpínlẹ̀ Saxony àti Baden. *Landwehrverein* ni ti àwọn sójà ìpamọ́. Wọ́n máa ń gé wọn kúrú sí K.V. tàbí M.V.
- *Bund* tàbí *Verband* ni àpapọ̀ àwọn ẹgbẹ́.
- *Kameraden* ni àwọn alábàájagun, *Kampfgenossen* sì fẹ́ jọ ọ́.
- *Für 25jährige Mitgliedschaft*: ó ti pé 25 ọdún nínú ẹgbẹ́.
- *Fahnenweihe*: ọjọ́ tí ẹgbẹ́ ṣí àsíá rẹ̀ tí a sì gbàdúrà sí i. *Stiftungsfest*: ayẹyẹ ìrántí ọjọ́ ìdásílẹ̀.
- *Zur Erinnerung an*: ní ìrántí nǹkan báyìí. *Für Verdienste*: fún iṣẹ́ takuntakun.

Àmì Fahnenweihe yẹ kí n dúró lé díẹ̀, nítorí ó pọ̀ gan-an ní ọjà. Ní abúlé Jámánì ní àwọn ọdún 1880 àti 1890, bí ẹgbẹ́ àwọn sójà àná bá ra àsíá tuntun, gbogbo ẹgbẹ́ abúlé tí ó yí wọn ká ni a óò pè, a óò tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, pásítọ̀ tàbí fádà yóò súre, a óò jẹ, a óò mu bíà, àlejò kọ̀ọ̀kan á sì fi àmì kékeré kan sí àyà lọ sílé. Ẹ fi wé aṣọ ẹbí àti ike tí a kọ orúkọ olóògbé sí tí a ń pín níbi òkú àgbà lọ́dọ̀ wa. Kò sọ pé ẹni tí ó gbé e lọ jagun ní ọjọ́ kan. Ohun tí ó sọ ni pé ó wá síbi ayẹyẹ.

*Ibi tí a ti ń ṣìnà:* a máa ń ka ọdún tí ó wà lára àmì sí ọdún tí a ṣe é. Kò rí bẹ́ẹ̀. 1870/71 ń tọ́ka sí ogun tí wọ́n bá Faransé jà, a sì ń kọ ọ́ sí ara àmì ẹgbẹ́ fún 50 ọdún lẹ́yìn náà. Ẹgbẹ́ àwọn sójà ìpínlẹ̀ Bavaria kọ 1874 sára nǹkan rẹ̀ títí di òní nítorí pé ọdún náà ni wọ́n dá a sílẹ̀. Kyffhäuserbund, àpapọ̀ àwọn ẹgbẹ́ sójà àná Jámánì, ń ka ìbẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ sí 1786, ọdún tí àwọn sójà àná Frederick Ńlá, ọba Prussia, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Wangerin ní Pomerania, bẹ́ẹ̀ ni àpapọ̀ ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ títí di 1900.

*Àyẹ̀wò:* kò gbọdọ̀ sí àmì ìbéèrè tí ó ju méjì lọ nínú ìwé yín, ẹ sì gbọ́dọ̀ lè sọ ìtumọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó ṣẹ́kù.

Ìpele 3: Ẹ bi í pé ta ni ó fi ọ́ fúnni

Gbogbo iṣẹ́ yìí rọ̀ mọ́ ìbéèrè kan yìí. Ìrísí àmì kò lè dáhùn rẹ̀, nítorí àwọn ẹgbẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe tiwọn kí ó jọ ti ìjọba.

Kókó ibẹ̀ nìyí. Abala 109 nínú òfin ìpìlẹ̀ Jámánì ti oṣù Kẹjọ 1919 sọ pé ìjọba kò gbọdọ̀ fi oyè tàbí àmì-ẹ̀yẹ dá ẹnikẹ́ni lọ́lá mọ́. Ẹ wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: àràádọ́ta ọ̀kẹ́ ọkùnrin ti ojú ogun dé, wọ́n pàdánù ogun náà, ìjọba kò sì ní àmì ìrántí kankan láti fún wọn, nígbà tí Faransé, Bẹ́ljíọ̀mù àti Gẹ̀ẹ́sì ń pín ti àwọn sójà tiwọn. Àwọn ẹgbẹ́ ni ó wọ inú àlàfo náà. Kyffhäuserbund ṣe tirẹ̀, Deutsche Ehrenlegion ṣe tirẹ̀, àwọn sójà ojú omi tí wọ́n jà ní Flanders náà ṣe Flandernkreuz. Ẹni tí ó bá fẹ́ á kọ lẹ́tà, á fi ẹ̀rí hàn pé òun jagun, á sì san owó rẹ̀. Àwọn kan tún ń san owó lé e fún ọ̀pá pẹlẹbẹ tí a ń fi sórí ọ̀já, tí orúkọ ibi ìjà wà lára rẹ̀.

Nítorí náà, bí àmì kan bá ń sọ nípa ogun 1914–1918, tí ẹ sì ti mọ̀ pé láàárín 1919 sí 1933 ni a ṣe é, ẹgbẹ́ ni ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Èyí tí mo rà ní 35 pọ́n-ùn ni ti Kyffhäuserbund, òun náà ni ẹ óò sì bá pàdé jù. Ó gùn díẹ̀ ju bí ó ṣe fẹ̀ lọ. Jagunjagun kan kúnlẹ̀ sí ojú rẹ̀, a sì kọ "Blank die Wehr, rein die Ehr" sí i, pé ohun ìjà ń dán, ọlá sì mọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Hindenburg wà, tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Aufrecht & stolz", tí ó ń sọ pé wọ́n jáde nínú ìjà ọlọ́dún mẹ́rin lórí ìdúró àti pẹ̀lú ìgbéraga. Èmi kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí. Ó ń sọ fún ẹni tí ogun ti ṣẹ́ pé ogun kò ṣẹ́ ẹ, a sì mọ ibi tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbé Jámánì dé. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó dára tó o fún ẹni tí ó fẹ́ dá àmì mọ̀, nítorí kò sí àmì ìjọba tí ó kọ irú rẹ̀ sára.

Orúkọ ẹgbẹ́ náà wá láti orí òkè Kyffhäuser ní Thuringia. Ìtàn sọ pé ọba Barbarossa ń sùn nínú òkè náà títí ọjọ́ tí yóò jí. Àwọn ẹgbẹ́ sójà àná dá owó jọ, wọ́n kọ́ ilé ìrántí Wilhelm Kìíní sórí rẹ̀, wọ́n sì ṣí i ní 18 oṣù Kẹfà 1896. Bí ẹ bá rí ilé gogoro orí òkè tàbí ọba onírùngbọ̀n gígùn tí ó jókòó lára àmì kan, ẹ mọ ẹni tí ẹ ó bi.

*Ibi tí a ti ń ṣìnà:* orúkọ Hindenburg. Ààrẹ ọlọ́lá ẹgbẹ́ náà ni, ó sì di ààrẹ Jámánì ní 1925. Ní 13 oṣù Keje 1934, ó dá Ehrenkreuz sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àmì ìjọba fún gbogbo ẹni tí ó kópa nínú ogun, ti àwọn tí ó dé ojú ìjà nìkan tí a pín sì ju 6,000,000 lọ. Àwọn oníṣòwò ń pe èyí ní Àgbélébùú Hindenburg, wọ́n sì ń da àmì Kyffhäuser tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn. Àgbélébùú ni ti 1934, 1914 àti 1918 wà láàárín rẹ̀ nínú ewé tí a hun yípo. Ti ẹni tí ó dé ojú ìjà ní idà méjì, ti ẹni tí ó sìn lẹ́yìn kò ní, ti opó àti òbí tí ọmọ wọn kú sì dúdú.

*Àyẹ̀wò:* ẹ kọ gbólóhùn kan pé "… ni ó fi í fúnni, mo sì mọ̀ nítorí pé a kọ … sára rẹ̀." Bí àlàfo kejì bá ṣófo, ẹ kò tíì mọ̀, ẹ kàn ń rò ó ni.

Ìpele 4: Ẹ wá ìgbà tí a ṣe é

Ẹ lo ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè parọ́ lé lórí.

*Orí ọba.* Wilhelm Kìíní jẹ Kaiser láti 1871 di 1888, Friedrich Kẹta lo 99 ọjọ́ ní 1888, Wilhelm Kejì sì jọba títí di 1918. Àwọn ìpínlẹ̀ kan tún ní ọba tiwọn lábẹ́ Kaiser. Ní Bavaria, Luitpold ṣe adelé láti 1886 títí ó fi kú ní 1912. Ní Saxony, Albert jọba láti 1873 di 1902, Friedrich August Kẹta sì jẹ láti 1904 di 1918. Ẹ ṣọ́ra gidigidi ní Württemberg: ọba tiwọn láti 1891 di 1918 náà ń jẹ́ Wilhelm Kejì. Àwọn méjì ni wọ́n ń jẹ́ orúkọ kan náà ní àkókò kan náà, ọ̀kan ní Berlin, èkejì ní Stuttgart; irùngbọ̀n ti Stuttgart bo àgbọ̀n rẹ̀, ti Berlin sì jẹ́ irun orí ètè lásán tí ó yí sókè.

*Ọ̀rọ̀ "Königlich",* tí wọ́n ń gé kúrú sí Kgl. tàbí K. Ti ọba ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹgbẹ́ tí ó bá fi í ṣáájú orúkọ rẹ̀ ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ṣáájú oṣù Kọkànlá 1918, nígbà tí ọba tán ní Jámánì.

*Lẹ́tà e.V.* lẹ́yìn orúkọ ẹgbẹ́. Ó ń sọ pé a ti fi orúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní kóòtù lábẹ́ òfin tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1 oṣù Kìíní 1900. Àmì tí ó bá ní i kò lè jẹ́ ti 1880, bí ó ti wù kí ojú rẹ̀ ti gbó tó.

*Lẹ́tà th.* Títí di 1901 tí wọ́n tún àkọtọ́ Jámánì ṣe, wọ́n ń kọ "Thal" àti "That". Lẹ́yìn rẹ̀ ó di "Tal" àti "Tat". Ẹ má fi orúkọ ìlú ṣe èyí, nítorí Thüringen ṣì ń jẹ́ Thüringen.

*Orúkọ àpapọ̀ ẹgbẹ́.* Èyí ṣe pàtàkì fún Kyffhäuser. "Kyffhäuserbund" ni wọ́n kọ́kọ́ ń jẹ́. "Reichskriegerbund" wọlé ní àwọn ọdún 1920. Ní 1938, "NS-Reichskriegerbund" ni àwọn Nazi sọ ọ́ dà, ní 1943 Hitler ní kí a tú u ká, a sì tún un dá sílẹ̀ ní 1952. Orúkọ nìkan lè dín iye ọdún tí ẹ ń wá kù gan-an.

Lẹ́yìn 1933 nǹkan yí. Òfin 7 oṣù Kẹrin 1933 dá agbára fífi àmì-ẹ̀yẹ fúnni padà fún ìjọba, òfin 1 oṣù Keje 1937 sì tún un tò. Nígbà tí Ehrenkreuz dé, a kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún fi ti ẹgbẹ́ sí àyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìjọba mọ́, àwọn àmì tí ọkùnrin fi owó ara rẹ̀ rà sì wọ inú dúrọ́ọ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi wà láìgbó títí di òní.

*Àyẹ̀wò:* ẹ gbọ́dọ̀ ní ọdún méjì, èyí tí kò lè ṣáájú rẹ̀ àti èyí tí kò lè kọjá rẹ̀. "Bíi 1900" kì í ṣe ìdáhùn. "Lẹ́yìn 1900, ṣáájú oṣù Kọkànlá 1918" ni ìdáhùn.

Ìpele 5: Òòfà, bèbè àti ọ̀já

Ẹ fi òòfà kàn án. Ehrenkreuz ti 1934 jẹ́ irin tí a fi àwọ̀ idẹ pa, òòfà yóò gbé e. Àmì Kyffhäuser tí ó wà lọ́wọ́ mi jẹ́ idẹ, òòfà kò dá a mọ̀. Ẹ má ṣe sọ èyí di òfin fún gbogbo ẹgbẹ́, nítorí àwọn tí owó wọn kò tó lo ohunkóhun tí wọ́n rí, pàápàá síǹkì.

Lára bèbè tàbí ẹ̀yìn, ẹ lè rí "Ges. gesch." tàbí "D.R.G.M.". Ohun tí méjèèjì ń sọ ni pé òfin dáàbò bo àwòrán náà kí ẹlòmíràn má baà ṣe é tà. Ìjọba kì í sábà kọ èyí sára oyè rẹ̀. Oníṣòwò ni ó ń kọ ọ́, ó sì tún fi ẹsẹ̀ ìpele kẹta múlẹ̀. Àwọn orúkọ olùṣe tí ẹ lè bá pàdé ni Deschler ti München, Poellath ti Schrobenhausen, Mayer & Wilhelm ti Stuttgart, Hoffstätter ti Bonn àti Steinhauer & Lück ti Lüdenscheid. Àwọn kan nínú wọn ṣe iṣẹ́ fún ìjọba pẹ̀lú, nítorí náà orúkọ olùṣe nìkan kò dá ẹjọ́.

Ẹ pa iná yàrá, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ àlùkò sí ọ̀já. Òwú àti sílíìkì àtijọ́ á dákẹ́ sí i. Bí okùn rẹ̀ bá ń tàn bí ẹ̀wù funfun níbi àríyá alẹ́, ọṣẹ tàbí okùn ìgbàlódé ti wọ ọ̀rọ̀ náà.

*Ibi tí a ti ń ṣìnà:* ọ̀já tuntun kò sọ àmì di ayédèrú. Ọ̀já ń jẹrà, àwọn ènìyàn sì ń pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀já àtijọ́ kò sì sọ ayédèrú di ojúlówó, nítorí ọ̀já àtijọ́ ń tà ní yáàdì.

*Àyẹ̀wò:* irin, bèbè àti ọ̀já gbọ́dọ̀ lè wà pọ̀ láàárín ọdún méjì tí ẹ kọ ní ìpele 4. Bí ọ̀kan bá kọ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó kọ̀.

Ìpele 6: Ẹ yọ àwọn tí ó jọ ọ́ kúrò

Bí ọ̀já bá ká bí onígun mẹ́ta, ẹ ronú Ọ́stríà kí ẹ tó ronú Jámánì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Bavaria náà máa ń ká a bẹ́ẹ̀. "Für Österreich" jẹ́ ti ìjọba Ọ́stríà, "Pro Deo et Patria" jẹ́ ti Hungary. Méjèèjì fún ogun 1914–1918, méjèèjì kì í ṣe ti ẹgbẹ́. Àmì 1897 tí ó ní orí Wilhelm Kìíní, tí a ṣe fún ìrántí 100 ọdún tí a bí i, jẹ́ ti ìjọba pẹ̀lú, ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ ni ó sì wà lára àwọn tí ó gbà á, èyí ni ó fà á tí a fi ń ṣì í mú.

Èyí tí erin wà lára rẹ̀ yẹ kí ó dá wa dúró. Àwọn ènìyàn ń pè é ní Oyè Erin, àwọn oníṣòwò aláìmọ̀kan sì ń tà á bí ẹni pé oyè gíga Denmark tí ń jẹ́ orúkọ kan náà ni. Kolonialabzeichen ni, àmì tí a gbé jáde ní 1922 fún àwọn ará Jámánì tí wọ́n sìn ní àwọn ilẹ̀ tí wọ́n gbà, Áfíríkà pẹ̀lú. Togo wà lára wọn láti 1884 títí di ìgbà tí wọ́n juwọ́ sílẹ̀ ní 26 oṣù Kẹjọ 1914, lẹ́yìn tí wọ́n fọwọ́ ara wọn ba ilé-iṣẹ́ rédíò Kamina jẹ́. Ẹ̀gbẹ́ Atakpamé ni Kamina wà, ní ilẹ̀ àwọn ará wa Ifẹ̀ tí a tún ń pè ní Àná. Fún ìdí èyí, bí mo bá ti rí erin náà, n kì í rí i bí ohun ọ̀ṣọ́. Ẹ má sì dà á pọ̀ mọ́ àmì ìjọba ti 1907 fún Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ilẹ̀ Namibia òní, èyí tí a fi fún àwọn tí wọ́n wà níbi tí a ti pa àwọn Herero àti Nama ní ìpakúpa láti 1904 di 1908. Bí ẹ bá fẹ́ tà á, ẹ kọ ohun tí ó jẹ́ sábẹ́ àwòrán rẹ̀ láìfi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó.

Stahlhelm, ẹgbẹ́ sójà àná tí Franz Seldte dá sílẹ̀ ní Magdeburg ní oṣù Kejìlá 1918, ní àmì ìwọlé tí a ń fín ọjọ́ tí ọmọ ẹgbẹ́ wọlé sí ẹ̀yìn rẹ̀. Akoto irin ni àwòrán rẹ̀. Reichsbund jüdischer Frontsoldaten, ti àwọn sójà àná tí wọ́n jẹ́ Júù, bẹ̀rẹ̀ ní 1919 láti dá àwọn tí ń sọ pé Júù kò jagun lóhùn, nígbà tí nǹkan bí 12,000 nínú wọn ti kú sójú ogun. Nǹkan wọn kò pọ̀, ayédèrú rẹ̀ sì pọ̀. Bí ẹ bá rí ọ̀kan, ẹ fi han ẹni tí ó mọ̀ kí ẹ tó sanwó.

*Àyẹ̀wò:* ẹ lè sọ ìdí tí kì í fi í ṣe mẹ́ta nínú àwọn tí mo kà yìí.

Ìpele 7: Bí orúkọ ènìyàn bá wà lára rẹ̀ tàbí ìwé bá tẹ̀lé e

Ìwé tí ó tẹ̀lé àmì, *Besitzzeugnis* tàbí *Urkunde*, níye lórí ju irin lọ fún ẹni tí ó ń wá ìtàn. Ẹ wo bóyá orúkọ ẹgbẹ́ orí ìwé bá ti ara àmì mu, àti bóyá ọjọ́ rẹ̀ wọ àárín ọdún méjì yín.

Ẹni tí ó bá fẹ́ tọ orúkọ sójà náà lọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ìpínlẹ̀ tí ó ti wá. Ìwé àwọn sójà Prussia jóná ní Potsdam ní oṣù Kẹrin 1945, nítorí náà wíwá wọn ń mú ọ̀pọ̀ ènìyàn sọkún. Ti Bavaria wà ní München, ti Württemberg wà ní Stuttgart, ti Baden wà ní Karlsruhe, ti Saxony sì wà ní Dresden. Orúkọ àwọn tí ó kú, tí ó fara gbọgbẹ́ tàbí tí ó sọnù nínú ogun 1914–1918 wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí àwọn ará Jámánì tí ń wá ìran wọn ti fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, ẹgbẹ́ wọn ń jẹ́ CompGen.

*Ibi tí a ti ń ṣìnà:* Müller àti Schmidt pọ̀ bí Adébáyọ̀. Orúkọ àti ìlú gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu kí ẹ tó sọ pé òun ni.

Ìpele 8: Kí ẹ tó fi hàn tàbí tà á

Bí àmì Nazi bá wà lára rẹ̀, bí ó ti wà lára nǹkan NS-Reichskriegerbund, abala 86a nínú òfin ìwà ọ̀daràn Jámánì kò fẹ́ kí a máa gbé e sí gbangba, àfi fún ẹ̀kọ́, ìwádìí, ìtàn àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Òfin 1957 ló sì jẹ́ kí àwọn sójà àná máa lo oyè ogun wọn lẹ́yìn tí a ti yọ àmì náà kúrò. Ẹni tí ó ń gbé Jámánì, tàbí tí ó fẹ́ fi ránṣẹ́ síbẹ̀, kí ó bo ibẹ̀ nínú àwòrán rẹ̀. Àwọn ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì mìíràn kì í gbà á rárá.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ káàdì kan: ẹni tí ó fi í fúnni, ohun tí ó jẹ́ ẹ̀rí rẹ̀, ọdún méjèèjì, ìwọ̀n, ohun tí òòfà sọ, ohun tí tọ́ọ̀ṣì sọ, ibi tí ẹ ti rà á àti iye tí ẹ san. Káàdì tèmi fún àmì àkọ́kọ́ náà kà báyìí: "Kyffhäuserbund, ọ̀rọ̀ Hindenburg lẹ́yìn, lẹ́yìn 1920, ṣáájú 1935, idẹ, òòfà kò gbé e, ọ̀já kò tàn, ọjà ọjọ́ Àìkú, 35 pọ́n-ùn, ẹni tí ó tà á sọ pé ti Kaiser ni." Ẹ gbé káàdì yín àti àmì náà fún ẹni tí kò mọ̀ nípa rẹ̀ rí, kí ó fi awò wá ẹ̀rí kọ̀ọ̀kan tí ẹ kọ. Èyí tí kò bá rí, ẹ fi lẹ́ẹ̀dì fa igi lé e lórí, kí ẹ sì padà sí ìpele 2.